Ìràwọ̀ 5, máàkì 10 tàbí 100: èwo ló yẹ kí ẹ fi máa díwọ̀n wísíkì?

Ẹni méjì mu wísíkì kan náà láti inú ìgò kan náà. Ọ̀kan fún un ní 84 nínú 100, ó ní òun ò lè fowó òun ra irú rẹ̀ láé. Èkejì fún un ní 84 bákan náà, ó sì ti ń wá ibi tó ti máa rí ìgò mìíràn rà. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, ọtí tó bá dùn mọ́ ọn kì í gba ohun tó kéré sí 88. Lọ́wọ́ ẹnì kejì, 75 ti wọ inú ẹgbẹ́ ọtí tó dára. Nọ́ńbà dọ́gba, ìtumọ̀ ò dọ́gba.

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ máa kọ máàkì wísíkì sílẹ̀ fún ara rẹ̀ kọ́kọ́ yan òṣùwọ̀n kó tó ṣí ìgò. Màá gbé àwọn tó wọ́pọ̀ síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, màá sì sọ èyí tí mo fara mọ́. Èrò mi kò fara sin: òṣùwọ̀n tí àmì rẹ̀ bá pọ̀ ju ohun tí imú àti ahọ́n yín lè yà sọ́tọ̀ lọ, àṣejù ni. Ẹni tí wọ́n bu ọtí kan náà fún lẹ́ẹ̀mejì láìjẹ́ kó mọ̀, tó wá fún un ní 83 lẹ́ẹ̀kan, 89 lẹ́ẹ̀kejì, kò tíì nílò 100.

Òṣùwọ̀n 100

Òun ló gbajúmọ̀ jù. Ọ̀dọ̀ àwọn oníwáìnì ni òkìkí rẹ̀ ti wá: Robert Parker, lọ́yà ará Amẹ́ríkà tó di atọ́wáìnìwò, ló gbé e dé etí gbogbo ayé láti 1978. Bí ó sì ṣe tò ó ni pé kò bẹ̀rẹ̀ láti 0. Láti 50 ló ti bẹ̀rẹ̀, bíi máàkì ilé-ìwé wọn lọ́hùn-ún. Ìdajì òṣùwọ̀n ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ife sẹ́nu.

Nínú wísíkì, ó tún há ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo Whiskybase, níbi tí àwọn olólùfẹ́ wísíkì kárí ayé ti ń fún ìgò ní máàkì nínú 100. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìgò tó wà níbẹ̀ ló kó jọ sí àárín 80 sí 90. Ta ló ń fún ọtí ní 43? Ta ló ń fún un ní 61? Bí a kò bá lo nọ́ńbà kan rí, kò sí nínú òṣùwọ̀n wa, bó tilẹ̀ wà lórí ìwé. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní òṣùwọ̀n 100, òṣùwọ̀n mẹ́wàá ni, wọ́n kàn wọ̀ ọ́ ní agbádá.

Kì í ṣe pé kò wúlò o. Bí ẹ bá fẹ́ fi máàkì tiyín wé ti ẹlòmíràn, èdè tí gbogbo wọn ń sọ nìyẹn. Ó tún ráàyè fún ẹni tí imú rẹ̀ ti mú ṣáṣá, tó ti tọ́ ọ̀pọ̀ wò, tó sì fẹ́ fi ìyàtọ̀ sáàárín ìgò méjì tó jọra. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé òun mọ ìyàtọ̀ 86 sí 87, ẹ bá mi gbé ife méjì síwájú rẹ̀, kí ẹ sì gbé ìgò pamọ́.

Bí ẹ bá yàn án, ẹ kọ ìtumọ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó sì jẹ́ ìtumọ̀ tó kan ìwà yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bíi "dára gan-an" tàbí "dára púpọ̀" tí ẹnikẹ́ni ò mọ ààlà wọn. Báyìí ni tèmi ṣe rí. Láti 90 sókè ni ọtí tí mo ṣì máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. 85 sí 89, bí ìgò bá tán, màá ra òmíràn. 80 sí 84, bí ẹnikẹ́ni bá bù ú fún mi, inú mi á dùn, àmọ́ n kò ní náwó sí i. 75 sí 79 kò lábùkù, kò sì ní ohun tó máa mú kí n yíjú padà wò ó. Ìsàlẹ̀ 75 ni ibi tí nǹkan ti bàjẹ́: òórùn ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá, òórùn páálí tó rin, tàbí òórùn ohun tí wọ́n fi ń kun èékánná. Bí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ìpele márùn-ún lẹ ní, àwọn nọ́ńbà àárín wọn sì wà fún títún un gbé díẹ̀ sókè tàbí sílẹ̀.

25 lọ́nà mẹ́rin

Ọ̀nà kejì pín 100 náà sí mẹ́rin: 25 fún òórùn, 25 fún adùn lẹ́nu, 25 fún ìkẹ́yìn (ohun tó kù lọ́fun lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e mì), 25 fún ìbáramu gbogbo wọn. Ẹ ó ro ó pọ̀ ni.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, n kò mọ olùkọ́ tó dára jù ú lọ. Ó ń fipá mú un dúró. Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé bí ọtí bá ti kọjá ọ̀fun, ó parí, ọ̀rọ̀ ti yí sí nǹkan mìíràn. Àmọ́ bí ìwé bá ń bi yín léèrè máàkì ìkẹ́yìn, ẹ ó dákẹ́ ná. Ẹ mu Glenfiddich 12 (wísíkì Skọ́tlándì ni, 12 sì ni iye ọdún tó lò nínú àgbá), ẹ ó rí i pé adùn bíi ti èso péà yẹn dé kíá, ó sì lọ kíá. Ẹ mu Ardbeg 10, èéfín rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu nígbà tí ẹ ti gbàgbé pé ẹ mu nǹkan. Ẹni tí kò bá dúró ṣọ́ ọ kò ní mọ̀ pé ìyàtọ̀ yìí wà. Kẹ́ ẹ má sì rò pé èyí tó bá pẹ́ ló dára jù. Ìkẹ́yìn tó korò bí egbòogi, tó wá fìdí mọ́lẹ̀ sí ẹ̀yìn ahọ́n, pípẹ́ rẹ̀ kọ́ ló máa gbà á.

Wàhálà rẹ̀ wà nínú ìròpọ̀. Ẹ wo ìgò méjì yìí:

| | Ìgò A | Ìgò B |
|---|---|---|
| Òórùn | 23 | 21 |
| Adùn lẹ́nu | 22 | 21 |
| Ìkẹ́yìn | 18 | 21 |
| Ìbáramu | 21 | 21 |
| Àpapọ̀ | 84 | 84 |

Ìgò A ń ta sánsán bí oyin àti èèpo ọsàn, kéèyàn kàn máa fi imú sí i títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ gbé e mì, ó di kíkorò, ó sì pòórá. Ìgò B kò ní ohun àrà kankan, kò sì já ẹnikẹ́ni kulẹ̀ níbì kankan. Ọtí méjì tí kò fara jọra rárá ni ìṣirò ti sọ di ìbejì yìí. Bí ẹ bá fi àpapọ̀ nìkan sílẹ̀ nínú ìwé, ẹni tó bá kà á lẹ́yìn ọdún kan, àní kó jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín, kò ní mọ èwo ni èwo.

Ohun kejì ni pé àwọn apá mẹ́rin náà kò dá dúró. Ọtí tí ìkẹ́yìn rẹ̀ bá bàjẹ́, báwo ni ìbáramu rẹ̀ ṣe máa pé? Ẹ ti fìyà ẹ̀ṣẹ̀ kan jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní adùn pàápàá, òórùn ló ń gba ẹ̀yìn ọ̀fun gòkè padà sí imú. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń po wísíkì pọ̀ nílé ìpọntí, imú ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn? Wọ́n á fi omi là á títí agbára ọtí rẹ̀ á fi sún mọ́ ìdá 20 nínú 100, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á sún sí èyí tó kàn. Bí imú bá ń ṣe iṣẹ́ tó tó báyìí, 25 tí ẹ fún un kò dọ́gba pẹ̀lú ohun tó ń ṣe.

Bí mo ṣe ń lò ó nìyí: mo máa ń kọ apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mi ò sì ní rò wọ́n pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Màá kọ́kọ́ kọ máàkì kan ṣoṣo láti inú ọkàn mi, lẹ́yìn náà ni màá wá ṣe ìṣirò. Bí méjèèjì bá fi ju 3 lọ yàtọ̀ síra, mo mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ń tàn mí, màá sì padà sídìí ife.

20, 10 àti ìràwọ̀ 5

Òṣùwọ̀n 20 kò ní gba àkókò wa. Yunifásítì California ní Davis ló sọ ọ́ di ohun àmúlò láti fi wá àléébù nínú wáìnì, ó sì ń fún àwọ̀ àti mímọ́ gaara ní máàkì tiwọn. Nínú wísíkì, àwọ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí máàkì kankan. Òfin tó de wísíkì Skọ́tlándì gba ilé ìpọntí láyè láti fi karamẹ́ẹ̀lì E150a (aró tí wọ́n fi ṣúgà sísun ṣe) pa ọtí láró, nítorí náà dúdú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó pẹ́ nínú àgbá. Bourbon, wísíkì àgbàdo ti Amẹ́ríkà, kò gbọdọ̀ ní aró nínú, àmọ́ àgbá igi óòkù tuntun tí wọ́n fi iná sun nínú ni wọ́n ń lò fún un, ó sì máa ń tètè pọ́n. Ẹ jẹ́ kí ojú sinmi.

Ìràwọ̀ 5 yára, ó sì rọrùn fún ẹni tó kàn fẹ́ rántí ohun tó mu. Àléébù rẹ̀ kan ni pé 4 ni gbogbo nǹkan máa ń pàdà di. 5 wúwo lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò fẹ́ fi ṣòfò. 3 ti wá jọ èébú, bẹ́ẹ̀ àárín òṣùwọ̀n ló wà. Láìpẹ́, ìwé yín á kún fún 4, kò sì ní sọ nǹkan kan fún yín mọ́.

10 lèmi dúró tì. Àmì rẹ̀ kéré tó láti rántí ìtumọ̀ ìkọ̀ọ̀kan láìwo ìwé, ó sì pọ̀ tó láti ya ọtí tó dára kúrò lára ọtí tó ga. Ohun tó ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni pé 5 gbọ́dọ̀ jẹ́ 5: ọtí tí kò ṣe yín ní búburú, tí kò sì ṣe yín ní rere. Ẹni tó bá ti ilé-ìwé bọ̀ á máa rò pé 5 nínú 10 ni ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fìdí rẹmi, yóò wá máa ti gbogbo ọtí sókè sí 7. Ẹ dènà ìyẹn láti ọjọ́ kìíní. Ẹ gbà á pé 6 jẹ́ ìyìn, pé 8 ṣọ̀wọ́n, àti pé 10 lè máà wáyé rí. Bí ìdajì bá wù yín, 6.5 tàbí 7.5, kò burú, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe wọ 7.25. Ẹ ti padà sí 100 láìmọ̀ nìyẹn.

Ife méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, láìsí nọ́ńbà

Ọ̀nà yìí ni àwọn èèyàn máa ń fojú fò dá, bẹ́ẹ̀ òun ló bá ẹ̀dá wa mu jù. Ahọ́n kò mọ ìwọ̀n dáadáa, àmọ́ ó mọ ìfiwéra. Ẹ bi í pé mélòó ni ọtí yìí nínú 100, yóò máa ro ó. Ẹ gbé méjì síwájú rẹ̀, kí ẹ ní kó mú èyí tó wù ú, kò ní pẹ́ fèsì.

Ohun tí ẹ nílò ni ìgò kan tó máa jẹ́ òdiwọ̀n. Kó jẹ́ ìgò tí ẹ mọ̀ dunjú, tó sì rọrùn láti rí rà nígbàkúùgbà, irú èyí tí ilé ìpọntí ń po láti inú àgbá púpọ̀ kí adùn rẹ̀ má bàa yí padà lọ́dọọdún. Ìgò tó wá láti inú àgbá kan ṣoṣo kò lè ṣe é: bó bá tán, ó tán nìyẹn. Ẹ fún òdiwọ̀n yìí ní 6 nínú 10, kí ẹ má sì yí i padà mọ́. Ọtí tuntun tó bá dé, ẹ bu díẹ̀ nínú méjèèjì. Ṣé tuntun ga jù ú? Ó ti kọjá 6 nìyẹn. Ṣé díẹ̀ ni àbí púpọ̀? 7 tàbí 8 dé. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí ni pé òdiwọ̀n kì í bá gbogbo ẹ̀yà ṣe. Fífi ọtí oléèéfín láti erékùṣù Islay ní Skọ́tlándì wé ọtí tó wà nínú àgbá ṣẹ́rì (wáìnì líle ti Sípéènì), tó ń rùn bí àjàrà gbígbẹ, kò lọ́gbọ́n nínú, nítorí náà ẹni tó ń mu méjèèjì á nílò òdiwọ̀n méjì. Ìgò òdiwọ̀n náà sì ń dàgbà: bó bá ti lọ sílẹ̀ kọjá ìdajì, afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ dán ara yín wò kí ẹ tó pinnu òṣùwọ̀n, ìdánwò oní-ife-mẹ́ta wà, èyí tí àwọn onímọ̀ nípa ìtọ́wò ń lò. Kí ẹnì kan bu ọtí kan sí ife méjì, kó bu òmíràn sí ẹ̀kẹta, kó sì kọ nǹkan sí ìdí wọn. Iṣẹ́ yín ni láti tọ́ka sí èyí tó yàtọ̀. Ẹni tó kàn ń méfò á bá a lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta, torí náà ẹ má ṣe jó sí ẹyọ kan. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ púpọ̀. Bí ẹ kò bá lè ya ọtí méjì tí ẹ fún ní 84 àti 86 sọ́tọ̀, 2 tó wà láàárín wọn kò sí níbì kankan àfi inú ìwé.

Ohun tó ń yí máàkì ju òṣùwọ̀n lọ

Bí ife bá yí padà, máàkì á yí padà. Ife tí ikùn rẹ̀ gbòòrò tí ẹnu rẹ̀ sún kì, bíi Glencairn tó jáde ní 2001, ń kó òórùn jọ sójú kan. Ife ẹlẹ́nu gbàgbà tí wọ́n ń kó yìnyín sí ń jẹ́ kó fò lọ. Èyí tó bá wù yín, ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ máa lò ó fún gbogbo wọn.

Omi ni ọ̀rọ̀ tó máa ń dá ìjà sílẹ̀. Àwọn kan á ní ẹni tó bomi sí wísíkì ti ba iṣẹ́ olóye jẹ́. Ní 2017, Björn Karlsson àti Ran Friedman ní Yunifásítì Linnaeus ní orílẹ̀-èdè Sweden fi kọ̀ǹpútà wo bí guaiacol, ọ̀kan lára ohun tó ń fún wísíkì ní òórùn èéfín, ṣe ń rìn nínú omi àti ọtí. Bí agbára ọtí bá wà ní ìdá 45 tàbí kó kéré sí i, guaiacol máa ń wá sójú, níbi tí ọtí ti pàdé afẹ́fẹ́. Bó bá kọjá ìdá 59, ọtí á yí i ká, kò ní fẹ́ gòkè. Nítorí náà, wísíkì tí wọ́n gbé jáde nínú àgbá tí wọn kò là, tó wà ní ìdá 58 tàbí 60, máàkì méjì ló tọ́ sí i: ọ̀kan kí omi tó kán sí i, ọ̀kan lẹ́yìn ẹ̀kán omi mélòó kan. Èyí tó bá ga jù ni kí ẹ kà. Ọtí tó ti wà ní ìdá 40, tí òfin tó de wísíkì Skọ́tlándì kò gbà kó lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tètè máa ń tẹ́ lẹ́nu bí omi bá kán sí i.

Ètò tí ẹ fi ń mu wọ́n náà ń bẹ níbẹ̀. Bí èéfín bá ṣíwájú, ohun tó tẹ̀ lé e á jọ omi lásán. Ẹ ti orí èyí tó fúyẹ́ lọ sórí èyí tó wúwo, kí oléèéfín ṣe ìkẹ́yìn. Ẹ má ṣe ju mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa bu mílílítà 15 péré. Mẹ́rin irú rẹ̀ ní ìdá 46 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílílítà 28 ọtí pọ́nńbélé, ìyẹn sì ju ife mílílítà 25 méjì tó wà ní ìdá 40 lọ. Ìlera ni ìdí kan. Ìdí kejì ni pé ọ̀làwọ́ ni ẹni tó ti mu: ife kẹrin kì í bọ́ sí ìsàlẹ̀ 8 bó ti wù kó rí. Títu ọtí jáde lẹ́nu kì í ṣe ìwà ìtìjú níbi ìdíwọ̀n.

Ní ti ìgò tó wà lójú àti ìgò tó pamọ́, n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ọdún tí wọ́n kọ sára ìgò, orúkọ ilé ìpọntí àti iye tí ẹ san, gbogbo wọn ló ń dìbò kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹlòmíràn bù ú. Ẹ kọ máàkì, ẹ ṣí ìgò wò, kí ẹ má sì fi ọwọ́ pa ohun tí ẹ kọ rẹ́. Bí orúkọ bá yí ọkàn yín padà, ẹ kọ máàkì kejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì á sọ púpọ̀ fún yín nípa ara yín.

Owó ńkọ́?

Àwọn kan máa ń yọ máàkì kúrò lára ọtí tó bá wọ́n, wọ́n sì ń fi kún èyí tó pọ́ọ́kú. Èmi ò fara mọ́ ọn. Iye owó ń lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ohun tó wà nínú ìgò kò mọ ìyẹn. Ẹ fi máàkì sílẹ̀ fún ọtí, kí ẹ wá kọ ìdáhùn sí ìbéèrè kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ṣé màá tún fowó mi rà á ní iye yìí? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọtí tó gba 9 lè gba bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí tó gba 6 sì lè gba bẹ́ẹ̀ ni.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó lo 25 lọ́nà mẹ́rin títí á fi di pé kò nílò ìwé kó tó rántí pé ìkẹ́yìn wà, lẹ́yìn náà kó bọ́ sórí 10. Ẹni tó ń mu díẹ̀ lóṣù, tó kàn fẹ́ mọ ohun tó máa tún rà, ìràwọ̀ 5 pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ti tó o, kó má da ara rẹ̀ láàmú. Ẹni tó fẹ́ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí ìgò kan náà, 100 ni, kó sáà máa gbé ìtumọ̀ ìpele rẹ̀ dání. Ẹni tó ń ra ìgò púpọ̀ tó jọra, ife méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló máa gbà á lọ́wọ́ ìnáwó asán.

Bí ẹ bá sì yí òṣùwọ̀n padà láàárín ọ̀nà, ẹ má ṣe sọ 8 nínú 10 di 80 nínú 100. 8 lọ́wọ́ mi jẹ́ ọtí tó ṣọ̀wọ́n. 80 jẹ́ ọtí tí n kò ní rà. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ojú ewé, kí ẹ kọ déètì àti orúkọ òṣùwọ̀n tuntun sí i. Èyí tó bá ṣì kù nínú ìgò, ẹ tún un tọ́ wò. Èyí tó ti tán, ẹ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú máàkì tó ti gbà tẹ́lẹ̀.